Máínọ́ọ̀sì Kì Í Ṣe Àlejò Nílé Wa

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà, kí ẹ sì tẹ́tí sí ohun tó wà nínú rẹ̀. Mi ò sọ pé mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá àti mẹ́fà. Ohun tí mo sọ ni pé ó ku ọdún mẹ́rin kí n pé ogún ọdún. Bí mo bá fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò, báyìí ni yóò rí: 20 − 4 = 16. Kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ rárá ni mo ti ń fi ẹnu yọ nọ́ńbà kúrò nínú nọ́ńbà. Gbogbo ọmọ tó ń sọ Yorùbá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo ń rí ní kíláàsì wa ló jẹ́ kí n mẹ́nu ba èyí. Ìlobùú ni ilé wa, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àwọn ọmọ Ifọ́n-Ọ̀ṣun wà ní kíláàsì wa pẹ̀lú, nítorí pé ìlú méjèèjì fara kan ara wọn débi pé àlejò lè rò pé ìlú kan ṣoṣo ni. Mọ́kàndínlógójì ni wá ní SS2. Bí olùkọ́ ìṣirò wa bá kọ 3x + 5 = 20 sójú pátákó, ọwọ́ á máa nà sókè níwájú àti lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ 3x + 20 = 5, gbogbo kíláàsì á dákẹ́ rọ́rọ́. Iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì. Ohun tó kàn yàtọ̀ ni pé ìdáhùn ti àkọ́kọ́ wà lókè òdo, ti èkejì sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ìdákẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Láti ìgbà tí a ti wà ní JSS1 ló ti ń sọ ọ́. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé ẹni tí kò bá ní kírẹ́dítì nínú ìṣirò ní WAEC kò lè wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ní sáà tó kọjá, ó sọ fún mi pé, "Máínọ́ọ̀sì yìí kò yé mi, kò sì lè yé mi láéláé. Màá kúkú lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀." Iṣẹ́ télọ̀ dára, iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ọ̀rẹ́ mi fẹ́. Ìbẹ̀rù àmì kékeré kan, tí kò ju ìlà tí a fà lẹ́ẹ̀kan lọ, ló fẹ́ yí ọ̀nà rẹ̀ padà. Ìyẹn ló jẹ́ kí n jókòó ro ọ̀rọ̀ náà, ibi tí mo sì bá a dé nìyí: máínọ́ọ̀sì kì í ṣe àlejò nínú èdè wa. Inú ilé ló wà. A kàn ń pè é ní orúkọ mìíràn ni.

Orúkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni "dín". Ẹ jẹ́ ká ka nọ́ńbà láti ọ̀kànlá lọ. Ọ̀kànlá, èjìlá, ẹ̀tàlá, ẹ̀rìnlá: ńṣe la ń fi kún ẹ̀wá. Ṣùgbọ́n tí a bá dé ẹ̀ẹ́dógún, a yíjú padà. A kò wo ẹ̀wá tó wà lẹ́yìn mọ́, ogún tó wà níwájú là ń wò. Ẹ̀ẹ́dógún ni ogún tó dín márùn-ún. Ẹ̀rìndínlógún, ẹ̀tàdínlógún, èjìdínlógún, ọ̀kàndínlógún: gbogbo wọn ló ń sọ iye tó kù kí á dé ogún. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ pe 19, mẹ́sàn-án àti mẹ́wàá ló máa ń pè é. Yorùbá ní, ó ku ẹyọ kan.

Èyí tó jinlẹ̀ jù lọ tí mo rí ni 45. Àrùndínláàádọ́ta là ń pè é, ìyẹn ni pé ó fi márùn-ún dín sí àádọ́ta. Ṣùgbọ́n àádọ́ta fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọgọ́ta tó dín mẹ́wàá ni. Ọgọ́ta náà ńkọ́? Ogún mẹ́ta ni. Nítorí náà, bí ìyá kan bá sọ ní ọjà pé ọsàn òun jẹ́ àrùndínláàádọ́ta, ohun tó sọ ní ìṣirò ni (20 × 3) − 10 − 5. Ó fi ogún lọ́nà mẹ́ta, ó yọ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, kò mú bírò, kò sì mú ẹ̀rọ ìṣirò. Bákan náà ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, tí í ṣe 500: ẹgbẹ̀ta tó dín ọgọ́rùn-ún ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ya àwọn àlejò lẹ́nu tipẹ́. Ní ọdún 1887, míṣọ́nnárì kan tó ń jẹ́ Adolphus Mann kọ̀wé nípa bí Yorùbá ṣe ń ka nǹkan. Ó so ó mọ́ bí àwọn baba wa ṣe ń ka owó ẹyọ: márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń fà á láti inú òkìtì, wọn á sì kó o jọ di ogún, ogún di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún di igba. Ẹni tó ń kówó jọ lọ́nà bẹ́ẹ̀, iye tó kù kí òkìtì rẹ̀ tó pé ni yóò máa wà lọ́kàn rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí nínú áljẹ́brà. Bí ìwé wa bá béèrè pé x + 5 = 50, kí ni x? Ìbéèrè tó ń béèrè ni pé: nọ́ńbà wo ló ku márùn-ún kí ó tó pé àádọ́ta? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú orúkọ: àrùndínláàádọ́ta. Orúkọ nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ ni ọ̀nà tí a fi ń wá a. Ọmọ tó bá lè ka ení, èjì dé ọgọ́rùn-ún ní Yorùbá ti tú ọ̀pọ̀ irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ láìmọ̀.

Òótọ́ ni pé ẹnìkan lè bi mí pé: "Gbogbo èyí tí o kà yìí, òkè òdo ló wà. 'Dín' yín kò tíì sọ̀kalẹ̀ kọjá òdo." Ìbéèrè náà dára. Orúkọ kejì tí máínọ́ọ̀sì ń jẹ́ nílé wa ló dáhùn rẹ̀, orúkọ náà ni "gbèsè".

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ń ta ẹ̀lùbọ́. Èmi ni mò ń bá wọn kọ ìwé ọjà wọn ní alaalẹ́. Ojú ewé kan wà fún owó ọwọ́, òmíràn wà fún owó tí wọ́n jẹ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo bi wọ́n léèrè pé, "Ìyá àgbà, bí ẹ bá ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lọ́wọ́, tí ẹ sì jẹ ẹni tó kó ẹ̀lùbọ́ fún yín ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, èló ni ẹ ní?"

Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Kí ni mo ní níbẹ̀? Gbèsè ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni mo ní."

Wọn kò sọ pé kò ṣeé ṣe. Wọn kò sọ pé a kò lè yọ mẹ́jọ nínú márùn-ún. Wọ́n kọjá òdo wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n sì dúró sí −3,000. Mo tún bi wọ́n pé, "Bí onítọ̀hún bá wá ní kí ẹ má san ẹgbẹ̀rún méjì mọ́ nínú rẹ̀ ńkọ́?" Wọ́n ní, "Háà, ó ta mí lọ́rẹ nìyẹn. Á ku ẹgbẹ̀rún kan ṣoṣo." Ohun tí Ìyá àgbà sọ yìí ni àwọn ọmọ kíláàsì wa ń bẹ̀rù jù lọ: −3,000 − (−2,000) = −1,000. Ẹni tí wọ́n bá yọ gbèsè kúrò lọ́rùn rẹ̀, wọ́n ti fún un lówó. Bí wọ́n bá sì yọ gbèsè ẹgbẹ̀rún méjì kúrò lọ́rùn èèyàn lẹ́ẹ̀mẹta, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ló fi sàn jù bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí −3 × −2,000 fi jẹ́ 6,000, tí kò fi lè jẹ́ −6,000.

Nígbà tí mo ka ìtàn ìṣirò, mo rí i pé Ìyá àgbà kò dá nìkan wà. Ní ọdún 628, Brahmagupta, ọ̀mọ̀wé ará Íńdíà, kọ òfin bí a ṣe ń lo nọ́ńbà tó wà lábẹ́ òdo, ọ̀rọ̀ tó sì lò ni ọrọ̀ àti gbèsè. Àwọn ará Ṣáínà ti ń fi ọ̀pá pupa àti ọ̀pá dúdú ṣe ìṣirò ṣáájú rẹ̀: pupa fún èyí tó wà lókè òdo, dúdú fún èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ní ọdún 1637, Descartes, ògbóǹtarìgì onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, ṣì ń pe irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ní ìdáhùn èké. Nítorí náà, ẹni tí máínọ́ọ̀sì bá ń dẹ́rù bà kì í ṣe òpè. Àwọn àgbà onímọ̀ ti bẹ̀rù rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́jà kò bẹ̀rù rẹ̀, nítorí wọ́n mọ gbèsè.

Mo padà lọ bá ọ̀rẹ́ mi. A jókòó sábẹ́ igi lẹ́yìn kíláàsì, mo sì kọ 3x + 20 = 5 sílẹ̀. Mo ní kí ó kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ ọ́ kí ó tó fọwọ́ kan ìwé. Ó ronú, ó ní, "Nǹkan kan wà tí a kò mọ̀. A kó o lọ́nà mẹ́ta, a fi ogún kún un, ó wá di márùn-ún." Mo ní, "A fi ogún kún un, síbẹ̀ márùn-ún péré ló dà. Kí ló gbé ìyókù mì?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Gbèsè ni. Gbèsè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti wà nílẹ̀." Bí ó ṣe dé 3x = −15 nìyẹn kí n tó sọ òfin kankan fún un. Ó pín gbèsè náà sọ́nà mẹ́ta: x = −5. A dán an wò: −5 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ −15, a fi ogún kún un, ó di márùn-ún.

Lẹ́yìn èyí ni mo wá sọ òfin náà fún un ní ọ̀nà ilé wa. Ẹ̀gbẹ́ méjì ìṣirò dà bí ìbejì. Ohun tí o bá ṣe fún Táyé, o gbọ́dọ̀ ṣe é fún Kẹ́hìndé. Bí o bá yọ ogún lọ́wọ́ ọ̀kan, yọ ogún lọ́wọ́ èkejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìjà dé. Inú Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ náà áljẹ́brà ti wá, láti inú àkọlé ìwé kan tí al-Khwarizmi kọ ní Bàgídáádì ní nǹkan bí ọdún 820 sí 830. "Al-jabr" túmọ̀ sí dídá ohun tó yẹ̀ padà sípò. Apá ńlá nínú ìwé náà sì dá lórí bí a ṣe ń pín ogún òkú.

Ọ̀rọ̀ ogún pínpín yìí ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ ohun tí ìwé wa ń pè ní reciprocal. Ó rọrùn: ìdá tí a dojú rẹ̀ kodò ni. 2/3 á di 3/2, 5 á di 1/5. Bí a bá fi nọ́ńbà kan lọ́nà reciprocal rẹ̀, ọ̀kan ni yóò fún wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń dojú ìdá kodò láìmọ ìdí tí a fi ń ṣe é. Ẹ jẹ́ ká wo ìbéèrè yìí: (2/3)x = −8. Ní Yorùbá, ìdá méjì nínú mẹ́ta gbèsè kan jẹ́ mẹ́jọ, èló ni gbogbo gbèsè náà? Bí ìdá méjì bá jẹ́ mẹ́jọ, ìdá kan jẹ́ mẹ́rin. Ìdá mẹ́ta ló sì wà nínú odidi, nítorí náà gbèsè náà jẹ́ méjìlá: x = −12. Ẹ kíyè sí ohun tí a ṣe: a fi méjì pín in, a sì kó o lọ́nà mẹ́ta. Ohun tí 3/2 ń ṣe gan-an nìyẹn. Bí ìdá náà bá ní máínọ́ọ̀sì, máínọ́ọ̀sì rẹ̀ á bá a lọ: reciprocal −2/3 ni −3/2. Nínú gbogbo nọ́ńbà odidi, méjì péré ló wà tí a lè dojú wọn kodò tí wọn kò ní yí padà: 1 àti −1. Òdo ní tirẹ̀ kò ní reciprocal rárá, nítorí kò sí ohun tí a lè fi òdo lọ́nà rẹ̀ tí yóò fi di ọ̀kan.

Ohun kan tún wà tí mo kọ́ nípa òdo, tí kì í ṣe inú ìwé ni mo ti kọ́ ọ. Ní ọdún 2025, ìjà ààlà ilẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ìlú wa, ìjọba ìpínlẹ̀ sì kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìlobùú àti Ifọ́n. Nígbà tí a padà sí ilé ẹ̀kọ́, ìjókòó wa ti yí padà. Àwọn ọmọ Ìlobùú wà ní apá kan, àwọn ọmọ Ifọ́n wà ní apá kejì. Ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló kàn rí. Àga tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi, tó jẹ́ ọmọ Ifọ́n, ti ń jókòó láti JSS1 ṣófo láàárín.

Ní ọjọ́ kan, olùkọ́ ìṣirò wa kó wa jáde sí pápá. Wọ́n fi eérú fa ìlà gígùn sílẹ̀, wọ́n fi òdo sí àárín, wọ́n sì ní kí á dúró sórí nọ́ńbà tí wọ́n bá pè. Ọ̀rẹ́ mi bọ́ sórí −3, èmi bọ́ sórí 4. Ọmọkùnrin kan béèrè pé, "Ìlú ta ni apá máínọ́ọ̀sì?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dùn. Olùkọ́ wa kò dá a lóhùn. Wọ́n ní kí èmi rìn lọ bá ọ̀rẹ́ mi, kí n máa ka ìṣísẹ̀ mi. Méje ni. Wọ́n ní kí òun náà rìn wá láti −3 dé 4, kí ó máa kà. Méje ni. Wọ́n wá wo gbogbo wa, wọ́n ní, "Máínọ́ọ̀sì ń sọ apá tí èèyàn kọjú sí. Kò sọ pé èèyàn kò tó nǹkan. Ẹ sì rántí pé jíjìnnà kì í ní máínọ́ọ̀sì." Mo kọ 4 − (−3) = 7 sínú ìwé mi lọ́jọ́ náà, mi ò sì tíì gbàgbé rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀rẹ́ mi padà sórí àga wa.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín nìyí, ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí wa. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, ìṣirò pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2025, wọ́n fagi lé ètò náà. Èmi kò lè yí òfin ìjọba padà, Gẹ̀ẹ́sì ni WAEC yóò sì fi bi wá ní ìbéèrè. Mi ò ní kí a pa Gẹ̀ẹ́sì tì.

Ṣùgbọ́n òfin kò dí olùkọ́ lọ́wọ́ láti sọ ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀kan ní Yorùbá kí wọ́n tó tú u ní Gẹ̀ẹ́sì. Òfin kò sì dí òbí lọ́wọ́ láti ka owó sétí ọmọ nílé. Àbúrò mi ọkùnrin lè ka "one" dé "hundred" láìdúró mí, ṣùgbọ́n tó bá ka ení, èjì, ogún ló máa ń bà sí. Ìyá àgbà ti wá ń fi ẹ̀lùbọ́ kọ́ ọ, kóńgò kan lẹ́yìn òmíràn. Ó ti dé àádọ́ta báyìí. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó bi mí pé, "Kí ló dé tí wọ́n fi ń yọ ọ́?" Inú mi dùn sí ìbéèrè náà ju bí ó ṣe kà á lọ.

Ní ti ọ̀rẹ́ mi, kò tíì lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀. Nínú ìdánwò kékeré tí a ṣe kẹ́yìn, ìbéèrè márùn-ún ló ní máínọ́ọ̀sì, ó gba mẹ́ta. Ó ku méjì, ó sì mọ èyí tó ku òun. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. WAEC ṣì wà níwájú.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìbéèrè kan tí a jọ fi sílẹ̀ fún ara wa ní ọjọ́ Ẹtì nìyí: −(3/4)x = 9. Kí ẹ tó mú bírò, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá. Bí ó bá ṣòro, ẹ lọ bi ìyá tó ń tajà ládùúgbò yín.